Ṣé iná tó ń ṣẹ́jú ló ń fa wárápá ọmọ mi, àbí àìsùn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni a ń gbé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 11, ní wárápá. Kì í pa oògùn tí dókítà kọ fún un jẹ, síbẹ̀ ó ṣì ń gbé e.

Mo kíyè sí i pé ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ tí iná jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣẹ́jú, tàbí nínú mọ́tò lójú ọ̀nà Adó, níbi tí oòrùn ti ń kọ yẹ̀rì láàárín igi bí ọkọ̀ ṣe ń sáré. Àmọ́ ó tún máa ń gbé e láàárọ̀ tí kò bá sùn dáadáa, láìsí iná kankan. Ibẹ̀ ló ti rú mi lójú.

Mo ti pààrọ̀ gílóòbù, mo gbé àga rẹ̀ jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n, mo sì kọ́ ọ pé kó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń ṣẹ́jú. Mo tún ń kọ ọjọ́, àkókò àti bó ṣe sùn sínú ìwé. (Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ darí wa sọ́dọ̀ alágbo, ẹ ṣeun, a ti débẹ̀.)

Dókítà ti ní ká lọ ṣe àyẹ̀wò EEG, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń wo bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti ṣe é: ṣé wọ́n máa ń tan iná aṣẹ́jú sí i lójú nígbà àyẹ̀wò, àbí èmi ni mo máa béèrè fún un? Kí ni kí n tún máa kọ sínú ìwé yẹn kí wọ́n lè mọ ìyàtọ̀ láàárín iná àti àìsùn?