Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń di ẹlòmíràn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ọmọ Méjì, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Àwọn ọmọ ti sùn, iná ò sí, fóònù mi ò sì ní pẹ́ kú, ṣùgbọ́n tí n ò bá sọ ọ́ lálẹ́ yìí, n ò mọ ìgbà tí màá tún rí àyè.

Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fún mi. Èyí ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin, pé ọmọ ọdún mẹ́ta lóṣù tó kọjá; àbúrò rẹ̀ obìnrin ti di ọmọ oṣù mẹ́jọ. Apá Mọ́níyà là ń gbé. Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí kí n tó bí àbúrò yìí. Nígbà tó tó kí n padà síbi iṣẹ́, èmi àti ọkọ mi jókòó, a ṣírò rẹ̀: owó ẹni tí yóò máa bá wa mójú tó ọmọ méjì àti owó ọkọ̀ mi lójúmọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo owó oṣù mi lọ. Bí mo ṣe jókòó sílé nìyẹn. Èkó ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló ń dé, ìdájí ọjọ́ Ajé ló ń padà.

Àárọ̀ wa dùn. N ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé àwọn ọmọ mi sú mi. Tá a bá mu ògì tán, a óò tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi á máa ṣa ẹ̀wà, ẹ̀gbọ́n á máa ka òkúta tí mo bá yọ: ení, èjì, ẹ̀ta. Ó ti ń kà á dé ẹ̀wá. Àbúrò á máa rá yí wa ká. Tí gbogbo ọjọ́ bá rí bẹ́ẹ̀, n ò ní í kọ lẹ́tà kankan sí yín.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìṣòro mi. Láago méjì, aládùúgbò mi á ti já àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó ti ilé ìwé dé sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, á sì padà sí ṣọ́ọ̀bù. "Bá mi wò wọ́n o, ṣebí ilé lo wà." Onílé á ní kí n bá òun dúró de ọkọ̀ omi. Ẹlòmíràn á ní kí n bá òun ká aṣọ tí òjò bá ṣú. Ṣebí ilé ni mo wà. Nígbà tó bá fi di aago mẹ́rin, ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́rùn mi, oúnjẹ alẹ́ ò tíì dé orí iná, àbúrò ò ní fẹ́ kí n gbé òun sílẹ̀ rárá, ẹ̀gbọ́n tí kì í sùn lọ́sàn-án mọ́ á sì bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ló ń kọjú sí. Nígbà tí ìyẹn wà ní jòjòló, kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tó jókòó, tó ń rẹ́rìn-ín, tí gbogbo ẹni tó bá wọlé ń sáré lọ gbé e, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ó ń já a léèékánná, ó ń tì í ṣubú. Ó ti ṣíwọ́ títọ̀ sílé tẹ́lẹ̀, ó ti tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká gbé e padà fún nọ́ọ̀sì."

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo ń ro àmàlà lọ́wọ́. Ó ti àbúrò rẹ̀ lulẹ̀, orí ọmọ gbá ẹsẹ̀ àga. Ẹ̀yin ìyá mi, ọmọrogùn wà lọ́wọ́ mi. N ò rántí bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo là á mọ́ ọn lápá. Kò sunkún. Ó ń wò mí, ó ń gbọ̀n, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò ní ṣe é mọ́." Ó ń sọ ọ́ léraléra títí mo fi gbé e mọ́ra. Apá náà wú. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo sọ fún bàbá wọn lórí fóònù pé ó ti rẹ̀ mí. Ó ní, "Kí ló rẹ̀ ọ́ tó bẹ́ẹ̀? Ṣebí ilé lo wà."

Ohun tí mò ń béèrè rèé: báwo lẹ ṣe ń ṣe aago mẹ́rin sí méje? Kí ni mo lè ṣe kí ẹ̀gbọ́n má ṣe àbúrò rẹ̀ léṣe? N ò fẹ́ nà án bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi.

Ìyá Ìbejì

Àbúrò mi, apá ọmọ ńkọ́? Tó bá lé ròrò tàbí tí kò lè gbé e sókè, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, má tijú.

Ìbejì ni mo bí, Ìdòwú sì tẹ̀lé wọn kí wọ́n tó pé ọdún méjì, nítorí náà mo mọ aago mẹ́rin tí ò ń wí. Kì í ṣe ìwà ọmọ ló ń bàjẹ́ lásìkò yẹn. Ebi àti oorun ni. Ọmọ tó jẹun láago méjìlá, tí kò sùn lọ́sàn-án, ebi ti ń pa á láago mẹ́rin, ìwọ sì ń ro àmàlà tí yóò jẹ láago mẹ́fà. Fún un lóúnjẹ láago mẹ́ta ààbọ̀, oúnjẹ gidi, kì í ṣe bisikíìtì: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, iṣu àti ẹyin, ẹ̀wà àárọ̀ tó kù. Tí kò bá wá jẹ púpọ̀ mọ́ lálẹ́, kò séwu.

Ta ló sì ní dandan ni kó o dáná nírọ̀lẹ́? Ọjọ́ Sátidé tí ọkọ rẹ wà nílé ni kó o se ọbẹ̀. Tí iná ò bá sí fún fíríìjì, máa gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀wà, àárọ̀ tí ara rẹ yá ni kó o se é. Àmàlà, ó di ìgbà tí bàbá wọn bá dé. Láago mẹ́rin, omi ìwẹ̀ ni kó o gbé kalẹ̀, kì í ṣe ìkòkò. Kó àwọn méjèèjì sínú bàsíà ńlá kan, kó o jókòó tì wọ́n. Mú ọṣẹ àti aṣọ ìnura dání kó o tó bẹ̀rẹ̀, má dìde lọ wá ohunkóhun, nítorí omi tí kò tó orúnkún lè gba ẹ̀mí ọmọ. Nídìí omi yẹn ni ara tèmi náà ti máa ń balẹ̀, tí mo máa ń rántí pé mo fẹ́ràn wọn.

Tí iṣẹ́ ilé bá kù, pọn àbúrò, àfi nídìí epo gbígbóná. Ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ, kò sẹ́ni tó lè tì í ṣubú.

Ìyá Aláṣọ Òkè, Ìsẹ́yìn

Ẹ má bínú o, ẹ ti fẹ́ sọ ọ́ di nǹkan ńlá. Pàṣán ni wọ́n fi tọ́ àwa náà, a ò kú. Ọmọ tó ń ti ọmọ ọwọ́ lulẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ ìyà díẹ̀ kó lè mọ̀.

Màmá Àgbà, Abẹ́òkúta

Ìyá Aláṣọ, mo kí ọ. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ ni wọ́n sọ, wọn ò sọ ọmọrogùn. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí ìyà jẹ nítorí àbúrò, àbúrò náà ni yóò kà á sí lọ́rùn.

Ìwọ ọmọ mi, fetí sí mi. Ní agbo ilé tí wọ́n bí mi sí, wọn kì í fi obìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá ti já lẹ́nu ọmú, ẹní ìyá àgbà ló ń lọ. Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ àlọ́, ibẹ̀ ló ti ń jẹ ẹran inú àwo ìyá àgbà. Kì í mọ̀ rárá pé wọ́n gba àyè òun. Ọmọ tìrẹ kò ní ẹní kankan tí yóò lọ. Ẹ̀yìn rẹ nìkan ló mọ̀, wọ́n sì ti gbé ẹlòmíràn síbẹ̀. Wá ẹní fún un. Tí àbúrò bá sùn lọ́sàn-án, má sáré lọ fọ aṣọ. Fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tì í, pa àlọ́ Ìjàpá kan fún un, kí ó máa gbe orin rẹ̀. Ọ̀kan tó.

Lẹ́yìn èyí, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé wá kí yín, dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kó kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n, kó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Àbúrò rẹ ńkọ́? Mú mi lọ wò ó." Òun ni kó máa fi ọmọ han àlejò. Tí wọ́n bá ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ gbé ọmọ, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dá a lóró, kò sì mọ bí yóò ṣe sọ ọ́ ju kó jáni léèékánná lọ.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

Èmi náà ti sọ "ṣebí ilé lo wà" rí, mo sì gbà lọ́kàn mi pé òótọ́ ni. Lọ́dún kan, ìyàwó mi lọ sìnkú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó mú èyí tó ń mu ọmú lọ, ó fi méjì sílẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́ kejì, aago kan ọ̀sán lù, aṣọ tí mo fi sùn ṣì wà lọ́rùn mi. Mo jágbe mọ́ ọmọ kan débi tó fi tọ̀ sára. Nígbà tí ìyá wọn dé, mo bẹ̀ ẹ́, mi ò sì sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ títí dòní.

Ẹ má bá ọkọ yín jiyàn lórí fóònù. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ fún ọmọ lọ́mú, kẹ́ ẹ lọ dirun, kẹ́ ẹ tibẹ̀ lọ kí ìyá yín. Ẹ má se oúnjẹ sílẹ̀ dè wọ́n.

Ìyá Ọlọ́mọge, Òṣogbo

Aládùúgbò yẹn ni kó o kọ́kọ́ dá lóhùn. Èmi náà máa ń gba ọmọ ọlọ́mọ láìlè sọ pé rárá. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn gbé ike omi tí mo rọ kẹrosíìnì sí, ó sì mu ún. Àwọn ará ilé ń sáré gbé epo pupa wá. Ọlọ́run ló ní kí nọ́ọ̀sì kan wà nítòsí tó pariwo pé ẹ má fún un ní nǹkan kan, ẹ má jẹ́ kó bì, torí tó bá ń bì, kẹrosíìnì lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó yè. Ṣùgbọ́n ojú tí ìyá rẹ̀ fi wò mí lọ́jọ́ yẹn, kò kúrò lójú mi. Ọmọ mẹ́rin ju ojú méjì lọ.

Abíyamọ ní Birmingham

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má lé aládùúgbò yẹn o. Ibi tí mo wà níbí, kò sí ìyá, kò sí ìyá ọkọ, a ò mọ orúkọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa. Nígbà òtútù, ilẹ̀ ti ń ṣú láago mẹ́rin, èmi àti ọmọ nìkan la ń wo ara wa. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ la ń lọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn ìyá ti ń jókòó, tí àwọn ọmọ ń ṣeré, ọjọ́ yẹn ni mo ń kà dè. Ẹ bá aládùúgbò yín ṣe àdéhùn: ọjọ́ méjì lẹ óò bá a wo tirẹ̀, ọjọ́ kan lòun náà á kó ẹ̀gbọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tí kò bá gbà, nígbà náà kẹ́ ẹ wá sọ pé rárá.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò

Ọmọ tó tún ń tọ̀ sílé lẹ́yìn tí àbúrò dé, a ń rí i dáadáa, ó sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní atọ̀ọ́lé. Ṣùgbọ́n tí ìtọ̀ bá ń ta á, tí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí tó ń mu omi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ gbé e wá ká yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò.

Ẹnì kan fi ìwé ránṣẹ́ sí mi pé kí wọ́n fi kátúùnù sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì nírọ̀lẹ́. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2019 ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 má wo fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá, kí ti ọmọ ọdún 2 sí 4 má ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́. Nítorí náà ẹ̀gbọ́n lè wo díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbé ìkòkò ka iná. Àbúrò kò gbọdọ̀ wò ó.

Ìwọ ìyá gan-an ni mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Tí àwọn ọmọ bá sùn, ṣé oorun ń kun ìwọ náà? Ṣé ò ń sunkún lọ́pọ̀ ọjọ́? Ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ ọ kò dùn mọ́ ọ mọ́? Tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tàbí tí èrò bá ń wá pé kó o pa ara rẹ lára tàbí pa ọmọ lára, má ṣe dá a gbé. Àìsàn ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ, ó lè wá nígbàkigbà láàárín ọdún àkọ́kọ́, ó sì ní ìtọ́jú. Oṣù tó ń bọ̀ lo máa gbé àbúrò wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára oṣù kẹsàn-án. Tí kò bá le débi pé kó o wá lónìí, ọjọ́ yẹn ni kó o fa nọ́ọ̀sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó o sọ gbogbo ohun tó o sọ fún wa níbí fún un.

Ìyá Ọmọ Méjì, Ìbàdàn (lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Apá rẹ̀ ti jinná, kò lé ròrò. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé, mo ní màámi ò ní fi igi nà ọ́ mọ́. Ó ní, "Àní àmàlà ńkọ́?" Mo ní àmàlà nìkan ni igi yẹn máa rò.

Nọ́ọ̀sì, mò ń sunkún ní ọjọ́ kan sí méjì lọ́sẹ̀, oorun sì ń kùn mí. Àárọ̀ wa ṣì ń dùn mọ́ mi. Mi ò ro ibi sí ara mi tàbí sí wọn. Ṣùgbọ́n màá béèrè lọ́jọ́ abẹ́rẹ́.

Mo jáde lọ́jọ́ Sátidé. Láago mọ́kànlá, ọkọ mi pè pé níbo ni ṣíbí ògì wà. Láago kan, ó tún pè, kò béèrè nǹkan kan, ó kàn ní ìgbà wo ni mò ń bọ̀. Nígbà tí mo dé, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló ń pè láti Èkó, tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí mo fi ń gbé oúnjẹ kalẹ̀.

Aládùúgbò mi bínú. Ọjọ́ méjì ni kò kí mi, ó sì dùn mí. Àná ló mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, ó ní, "Ọjọ́ wo ni tèmi?" Ọjọ́rú ló mú.

Ẹ̀gbọ́n ṣì ń tọ̀ sílé. Ó ṣì já àbúrò rẹ̀ léèékánná lánàá, nígbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, ó ti ń fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i lápá. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pè wá lórí ẹní. Màmá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́ mà, gbogbo àlọ́ Ìjàpá tí mo mọ̀ ti tán, ó sì ní òun ò fẹ́ ti àná mọ́. Ẹ bá mi kọ òmíràn ránṣẹ́ kí ọ̀la tó mọ́, èyí tó ní orin.