Ẹ gbà mí o, agbálùmọ̀ mi ń wọ́wé!

Mọ́rẹ́nikẹ́ (Thamesmead): Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Ẹni tó bá mọ̀ nípa igi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kíákíá. Agbálùmọ̀ mi fẹ́ kú. Màámi ló fọwọ́ ara wọn ri kóró rẹ̀ nígbà tí wọ́n wá bá mi wẹ ọmọ ní 2022, igi àti ọmọ jọ ń dàgbà ni. Gbòǹgbò ti ń yọ lábẹ́ ìkòkò àtijọ́, ni mo bá ra èyí tó tóbi ní Sátidé, mo ṣí i síbẹ̀, mo bomi rin ín yó. Ewé mẹ́sàn-án ló ti já bọ́, àwọn tó kù sorí kodò. Gbogbo Sunday ni màámi ń pè lórí fídíò láti rí i. Ṣé kí n dá a padà sínú ìkòkò àtijọ́ ni àbí kí n fi í sílẹ̀?

Bàbá Ẹniọlá (Milton Keynes): Àbúrò, fara balẹ̀ ná. Báwo ni ìkòkò tuntun yẹn ṣe tóbi tó?

Mọ́rẹ́nikẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ó tó ìkòkò ìrẹsì òde ìgbéyàwó. Mi ò fẹ́ máa ra òmíràn lọ́dọọdún ni.

Bàbá Ẹniọlá: Háà! Ohun tó pa máńgòrò tèmi nìyẹn. £48 ni mo ra ìkòkò aláràbarà kan, ìyàwó mi ò tíì dárí rẹ̀ jì mí dòní. Igi kékeré nínú yẹ̀pẹ̀ rẹpẹtẹ, kò lè mu omi ibẹ̀ tán, omi á wá dúró, gbòǹgbò á jẹrà. Ọjọ́ tí mo fà á yọ, ṣe ló ń rùn bí omi fùfú. Kí ìkòkò tuntun fi sẹ̀ǹtímítà 5 fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ó ti tó.

Àbíkẹ́ (Manchester): Ẹ tún wò ó, January la wà! Oòrùn kò sí, kí ni igi fẹ́ fi mu omi? March ni mò ń dúró dè kí n tó fọwọ́ kan tèmi. Àǹtí, ṣé ẹ ò fọ yẹ̀pẹ̀ àtijọ́ kúrò lára gbòǹgbò rẹ̀ ṣá?

Mọ́rẹ́nikẹ́: Mo fọ̀ ọ́ o. Nínú báàfù, bí ẹni ń bó ẹ̀wà.

Àbíkẹ́: Yé! Àwọn gbòǹgbò tín-ín-rín bí irun yẹn ló ń mu omi, àwọn lẹ sì bó dànù.

Dépò (Aberdeen): Ṣé ẹ kó òkúta sí ìsàlẹ̀ ìkòkò? Òun ló ń jẹ́ kí omi ráyè jáde.

Àbíkẹ́: Òkúta kẹ̀? Dépò, má ṣi àǹtí lọ́nà. Òkúta ló pa ọsàn wẹ́wẹ́ tèmi. Mú fóòmù tí o fi ń fọ abọ́, rì í sómi, gbé e lé òkúta. Ṣé omi rẹ̀ jáde tán? Ìsàlẹ̀ fóòmù ló dúró sí. Bí yẹ̀pẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn. Òkúta kàn gbé ibi tó rin gbindin yẹn súnmọ́ ìdí igi ni.

Dépò: Àpáàdì ni bàbá mi àgbà ń fi sísàlẹ̀ ìkòkò òdòdó wọn n'Íjẹ̀bú-Igbó láti kékeré mi. Òdòdó kan ò kú.

Àbíkẹ́: Ìta gbangba ni bàbá gbé tiwọn sí! Ìwọ gbé tìrẹ sẹ́yìn kọ́tìnnì ní Aberdeen, níbi tí ilẹ̀ ti ń ṣú ní aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ní December.

Bàbá Ẹniọlá: Ẹyọ àpáàdì kan lórí ihò, kí yẹ̀pẹ̀ má baà ṣàn lọ, ìyẹn ò burú. Ìdajì garawa òkúta ni mi ò fara mọ́.

Dépò: Ìdajì garawa ni mo kó o.

Ìyá Ìbejì (Peckham): Ẹ ò tíì sọ ti omi. Omi ẹ̀rọ London yìí, ẹ wo inú kẹ́tù yín, ó funfun bí ẹfun. Ewé ọsàn mi pọ́n, iṣan àárín rẹ̀ nìkan ló tutù yọ̀yọ̀. Mo ṣe bí ebi ló ń pa á, mo da ajílẹ̀ lé e, ajílẹ̀ jó o. Àṣé omi ni kò bá a lára mu. Òjò ni mò ń gbè báyìí, pẹ̀lú garawa lórí bákónì bí ìgbà tí mo wà l'Ọ́yọ̀ọ́.

Àbíkẹ́: Ẹ kó wá sí Manchester, mà. Omi adágún Thirlmere là ń mu, kẹ́tù wa ń dán.

Ìyá Ìbejì: Kẹ́tù yín ń dán. Oòrùn yín ńkọ́?

Àlàbí (Houston): Ẹ máa bá ara yín jà nínú òtútù. Ẹ̀yìnkùlé ni máńgòrò tèmi ń gbé.

Bàbá Ẹniọlá: Àlàbí, sọ ti February 2021 fún wọn.

Àlàbí: Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà. Iná lọ, omi lọ, gbogbo ẹ̀yìnkùlé dì gbagidi. Mo bọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì lára ìyàwó mi, mo fi bo máńgòrò. Igi kú, ìyàwó bínú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ló tún hù láti ìdí. Inú ìkòkò ni gbogbo tèmi wà báyìí, mò ń tì wọ́n wọ gáráàjì.

Dépò: Ẹ̀yìnkùlé ti di gáráàjì!

Ìyá Ìbejì: Agbálùmọ̀ ti dé ọjà Rye Lane láàárọ̀ yìí o. Ó kan ju ọ̀rọ̀ ẹlẹ́jọ́ lọ. Èyí tó bọ́ fúnra rẹ̀ ló ń dùn, èyí tó wọ bàálù wá, ta ló dúró kó bọ́?

Dépò: Igi kan wà lẹ́yìn ilé tísà wa. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ la ti máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ "gbì" báyìí, ìjà dé. A ó jẹ èèpo rẹ̀ títí á fi di gọ́ọ̀mù. Mo tiẹ̀ ṣì máa ń gbọ́ "gbì" yẹn lójú oorun.

Àbíkẹ́: Yìnyín ló ń bọ́ lórí òrùlé yẹn, Dépò. Sùn.

Mọ́rẹ́nikẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì wà níbí o. Ewé kẹwàá ti bọ́.

Bàbá Ẹniọlá: Fà á yọ, wo ìdí rẹ̀. Gbòǹgbò tó bá dúdú tó sì rọ̀, fi ọ̀bẹ mímọ́ gé e. Dá èyí tó kù padà sínú ìkòkò kékeré, gbé e jìnnà sí hítà, má fún un ní ajílẹ̀ rárá.

Àbíkẹ́: Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà. Kó pààrọ̀ ìkòkò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan? Kó fi í síbẹ̀, kó má ṣe bomi rin ín títí òkè yẹ̀pẹ̀ á fi gbẹ wọnú tó ìka méjì.

Mọ́rẹ́nikẹ́: Èwo ni kí n wá ṣe báyìí? Sunday ń bọ̀!

Ìyá Ìbejì: Sọ fún màmá rẹ pé íntánẹ́ẹ̀tì ò dára. Mò ń padà sí Rye Lane lọ́la, ẹni tó bá fẹ́ agbálùmọ̀ kó sọ iye.

Dépò: Mẹ́fà, mà. Èmi ni màá san owó ìfìránṣẹ́.

Mọ́rẹ́nikẹ́: Ẹ bá mi mú mẹ́rin, mà. Kóró rẹ̀ ni mo fẹ́.