Dùùrù onífèrè àti ẹ̀yà ara rẹ̀: orúkọ wo ló bá iṣẹ́ wọn mu?

Láti Iléṣà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Àwọn akọrin ìjọ Àgùdà kan ń túmọ̀ ìtàn Saint-Sulpice, ìjọ páríìṣì kan ní ìlú Páríìsì, àti ti àwọn dùùrù inú rẹ̀ sí Yorùbá. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n dábàá: dùùrù alátẹ́gùn fún ohun èlò náà lódindi, ọ̀pá fún ohun tó ń fọhùn nínú rẹ̀, àpò afẹ́fẹ́ fún ohun tó ń fẹ́ ẹ, àti ìdádúró fún ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní stop. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé àmì abẹ́ ṣ nínú ìwé yẹn: páríìṣì ni ìjọ, Páríìsì ni ìlú. Bí àmì bá bọ́, gbólóhùn yín àkọ́kọ́ ti dàrú.

Ìtàn náà kò le. Ọdún 1646 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìjọsìn tó wà níbẹ̀ lónìí. François-Henri Clicquot parí dùùrù ńlá rẹ̀ ní 1781. Aristide Cavaillé-Coll tún un kọ́, ó parí rẹ̀ ní 1862. Kò da fèrè Clicquot nù, ó kó ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ tuntun. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ níbẹ̀ ni tún un kọ́, kì í ṣe tún un ṣe, nítorí àpótí afẹ́fẹ́, ẹwìrì àti gbogbo ọ̀nà ìtẹ̀ ló pààrọ̀. Ó fún un ní ìpele ìtẹ̀ márùn-ún fún ọwọ́, ọ̀kan fún ẹsẹ̀. Charles-Marie Widor ló tẹ̀ ẹ́ láti 1870 títí di 1933. Marcel Dupré gbà á ní 1934, ó sì wà nídìí rẹ̀ títí di 1971. Dùùrù kékeré mìíràn tún wà nítòsí pẹpẹ fún àwọn akọrin. Ẹ pe ìyẹn ní dùùrù akọrin, kí ẹ pe ti òkè ẹnu ọ̀nà ní dùùrù ńlá. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: Faransé tún ń pe ìpele kan nínú dùùrù ńlá náà ní Grand-Orgue. Níbi tó bá ti jẹ́ ìpele ni wọ́n ń sọ, ẹ fi orúkọ Faransé rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ó wá ku dùùrù alátẹ́gùn. Dùùrù tí Dáfídì ń ta fún Sọ́ọ̀lù nínú Bíbélì, olókùn ni. Dùùrù tó pọ̀ jù ní ilé ìjọsìn wa báyìí, oníná ni, gbohùngbohùn ló ń sọ̀rọ̀ fún un. Èyí tí a ń fẹsẹ̀ fín, tí àwọn kan ń pè ní harmonium, afẹ́fẹ́ lòun náà ń lò, ṣùgbọ́n ahọ́n idẹ ló ń gbọ̀n nínú rẹ̀, kò ní fèrè kankan. Alátẹ́gùn kò yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti Saint-Sulpice. Onífèrè ló yà á. Ìwé tí Àpérò Vatican Kejì gbé jáde lórí ìjọsìn ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1963 sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní ìpínrọ̀ 120, organum tubulatum ló sì kọ ní Látìn: dùùrù tó ní fèrè. Ó ní kí a bọ̀wọ̀ ńlá fún un. Ìpínrọ̀ yẹn kan náà ló gba ohun èlò mìíràn láàyè, bẹ́ẹ̀ òfin Póòpù Pius Kẹwàá ní 1903 ti lé ìlù jáde nínú ìjọsìn. Ẹni tó bá fi dùùrù lásán túmọ̀ ìpínrọ̀ náà ti da ohun méjì tí àpérò yà sọ́tọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn.

Fèrè náà ló sàn ju ọ̀pá lọ, nítorí ọ̀pá kì í fọhùn. Ẹ̀yà ara fèrè sì ti ní orúkọ lọ́dọ̀ wa: ara, ẹnu, ètè òkè, ètè ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀. Èyí tó ṣòro ni irin pẹlẹbẹ tó dé orí ẹsẹ̀ ní ibi ẹnu, tó fi àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ lu ètè òkè. Mo dábàá ọmọrí ẹsẹ̀. Iṣẹ́ ọmọrí ìkòkò ló ń ṣe, ó kàn ṣẹ́ ojú kékeré kù ni.

Àpò afẹ́fẹ́ pa iṣẹ́ méjì pọ̀. Ohun tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ yàtọ̀ sí ohun tó ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ ti fún wa ní ẹwìrì fún ti àkọ́kọ́. Èkejì ni mo fẹ́ kí a pè ní àká afẹ́fẹ́: àpótí aláwọ tó ń wú tó sì ń sọ̀, tí a gbé irin tàbí òkúta sórí rẹ̀. Ìwúwo ohun tó wà lórí àká yìí ló ń pinnu agbára afẹ́fẹ́. Omi inú ọ̀pá gíláàsì ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Mìlímítà 75 omi, ìyẹn íǹṣì 3, wọ́pọ̀. Bí ẹnìkan bá gbé búlọ́ọ̀kù kan lé e nítorí pé dùùrù kò dún tó, gbogbo fèrè ló máa lọ sókè kúrò ní ohùn wọn, àwọn mìíràn á sì fò sí ohùn kejì. Níbi tí iná bá ti gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ dé, ẹwìrì lè kúrò, àká kò lè kúrò.

Ìdádúró ló burú jù. Kí fèrè kan tó fọhùn, ọ̀nà méjì ni yóò ṣí. Afẹ́fẹ́ ti kún inú àpótí nísàlẹ̀. Bí atẹdùùrù bá tẹ ìtẹ̀ ohùn kan, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ á fa ìlẹ̀kùn kékeré aláwọ kan sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọ ihò gbọọrọ tó jẹ́ ilé ohùn yẹn nìkan. Gbogbo fèrè tó ń dún ohùn náà ló tò sórí ilé yìí. Láàárín ilé ohùn àti ẹsẹ̀ fèrè ni pátákó pẹlẹbẹ kan wà tí a lu ní ihò, ọ̀kan fún fèrè kọ̀ọ̀kan. Bí a bá fà á, ihò rẹ̀ á bá ti òkè àti ti ìsàlẹ̀ ṣe déédéé. Bí a bá tì í padà, gbogbo rẹ̀ á dí. Fífà ló ń la ẹnu fèrè. Òǹkàwé tó bá rí i pé Widor fa ìdádúró mẹ́wàá á rò pé ohùn mẹ́wàá ló pa.

Nǹkan mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ń jẹ́. Orúkọ mẹ́ta ni mo fún un: ọ̀wọ́ fèrè ni àwọn fèrè tó jọ ń jáde, pátákó asún ni èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, ìdìmú ni èyí tí ọwọ́ atẹdùùrù ń fà. Nígbà tí Cavaillé-Coll parí dùùrù náà ní 1862, ọ̀wọ́ fèrè 100 ló ní. Fèrè inú rẹ̀ tó nǹkan bí 7,000. Ẹ má kọ ọ́ pé fèrè 100 ni.

Láti Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Mo fara mọ́ onífèrè, ẹwìrì, àká àti ọ̀wọ́. Inú mi tún dùn pé ẹ kò mú ìfà tí àwọn kan dábàá fún ìdìmú; bí a ṣe ń kọ Yorùbá láìfàmì sórí fóònù, Ifá ni gbogbo ará Ifẹ̀ máa kà á sí. Ibi tí mo ní ọ̀rọ̀ ni ẹsẹ̀.

Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ti wọnú ìtàn yìí: ẹsẹ̀ fèrè, ẹsẹ̀ atẹdùùrù tó ń tẹ ìpele ìsàlẹ̀, àti ẹsẹ̀ bàtà tí a fi ń wọn gígùn. Iye tó wà lára ìdìmú, 16, 8, 4, 2, ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ wọn fèrè C tó nísàlẹ̀ pátápátá nínú ọ̀wọ́ 8 gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọmọrí ẹsẹ̀ dé orí, ó máa tó nǹkan bí mítà 2.4. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ẹsẹ̀, ó ti ṣì í wọ̀n, nítorí ẹsẹ̀ kì í yí ohùn padà, gígùn yòówù tó lè ní. Fèrè tí a sì dé lórí, ẹsẹ̀ bàtà 4 péré ti tó kó dún bíi ti 8. Nítorí náà 8 kì í ṣe gígùn mọ́, ohùn ni. Ẹ jẹ́ kí ìtumọ̀ kọ ohùn 8, ohùn 4, kí ẹsẹ̀ jẹ́ ti fèrè nìkan, kí ìpele ìsàlẹ̀ sì máa jẹ́ ìpele àfẹsẹ̀tẹ̀. Àwọn kan fẹ́ pe ohùn 8 ní ìyá, ohùn 4 ní ọmọ bíi ti ìlù. Mi ò gbà. Ìyáàlù ń darí, ó ń sọ̀rọ̀; ohùn 4 kàn ń tún ohun tí 8 sọ wí lókè ni.

Ẹ ò tíì dárúkọ fèrè kejì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ní ètè. Àwọn kan ní ahọ́n idẹ tó dùbúlẹ̀ lórí ọ̀pá kékeré tí a la lójú, wáyà kan tẹ ahọ́n náà mọ́ ọn. Fèrè aláhọ́n ni kí wọ́n máa jẹ́, kí ìyókù jẹ́ fèrè elétè. Kàkàkí tí ẹnìkan dábàá kò bọ́ sí i, nítorí ètè ẹni tó ń fún un ló ń gbọ̀n, kò ní ahọ́n. Kí wọ́n má sì kọ bàbà fún idẹ. Ìyàtọ̀ yẹn kò ṣàjèjì ní Ifẹ̀: ìbojú tí a ń pè ní ti Ọbalùfọ̀n, bàbà ni, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn orí tí wọ́n hú ní Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, idẹ ni. Ní ti ara fèrè elétè, òjé àti tánńganran ni wọ́n ń yọ́ pọ̀. Bí tánńganran bá pọ̀, ohùn á mọ́lẹ̀; bí òjé bá pọ̀, á rọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń tún un ṣe máa kọ́kọ́ nílò ni ti àìsàn rẹ̀. Mo dábàá méjì. Àìdákẹ́ ni kí ohùn kan máa dún láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ìjò ni kí afẹ́fẹ́ ilé kan máa já sí ilé kejì, tí a ó fi tẹ ohùn kan tí ohùn ilé kejì á máa dún fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Kí a má pa wọ́n pọ̀, nítorí ìtọ́jú wọn kò jọra. Bí àìdákẹ́ bá dé, ẹ ti gbogbo ìdìmú padà, kí ẹ wá fa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ohùn kan náà bá ń dún nínú gbogbo ọ̀wọ́, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ni kò padé: ìdọ̀tí há sí awọ rẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀ ti rọ̀, tàbí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ wú nínú ọ̀rinrin tó sì fún. Ẹ tẹ ìtẹ̀ náà kíákíá lẹ́ẹ̀mélòó kan. Bí kò bá gbọ́, ẹ tú abala iwájú àpótí, kí ẹ nu awọ náà. Ìjò ní tirẹ̀, àsìkò ọyẹ́ ló ń yọjú jù. Pátákó á gbẹ, á sán, ilé méjì á sì ríran síra wọn. Ẹni tó bá fi àtè lílẹ̀ dí i nígbà ọyẹ́ láìwo bí igi ṣe máa wú nígbà òjò, pátákó asún á há mọ́ ọn lọ́wọ́ ní oṣù Kẹfà.

Láti Iléṣà

Àbúrò mi, o ṣeun. Ohùn 8 wọlé, aláhọ́n àti elétè wọlé, àìdákẹ́ àti ìjò náà wọlé. Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ìwé náà sì lò ó léraléra: iṣẹ́ kí fèrè bára mu. Wọ́n kọ tún dùùrù ṣe, òǹkàwé á rò pé ó bàjẹ́ ni. Mo mú wá: mú ohùn rẹ́. Bí fèrè méjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, ohùn wọn á máa mì. Bí wọ́n bá ti ń súnmọ́ra, mímì náà á máa falẹ̀ títí á fi dúró. Ìgbà yẹn ni wọ́n rẹ́.

Kí ìtumọ̀ sọ bí a ṣe ń ṣe é pẹ̀lú. Fèrè elétè tó ní ọ̀já lórí, ẹ gbá ọ̀já sókè, fèrè á gùn sí i, ohùn á wálẹ̀. Ẹ gbá a sísàlẹ̀, á lọ sókè. Ti aláhọ́n, wáyà ni: sísàlẹ̀, ahọ́n á kúrú, ohùn á gòkè. Ohùn 4 ni a máa ń kọ́kọ́ mú rẹ́, a ó wá fi ìyókù tẹ̀lé e. Ooru ló ń da iṣẹ́ yìí rú ní ilẹ̀ wa. Bí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius 1 gòkè, ohùn elétè á fi nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 ti ìdajì ohùn gòkè, aláhọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kúrò níbi tó wà. Ìdí nìyẹn tí aláhọ́n fi máa ń dà bí ẹni pé ó rẹlẹ̀ lọ́sàn-án. Aláhọ́n tó kéré ní iye ni kí ẹ yí bá elétè, ní wákàtí tí a ń ṣe Mísà. Kí ẹni tó ń ṣe é má sì di ara fèrè mú lásìkò tó ń gbọ́ ọ, nítorí ooru ọwọ́ nìkan ti tó láti gbé ohùn rẹ̀ sókè. Kó gbá ọ̀já, kó yọwọ́, kó dúró díẹ̀, kó tó tẹ́tí.