Gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ọjà ti di "trust" ní orí kẹrin mi. Ẹ gbà mí o!

Ọmọ Elélùbọ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ másítà ni mò ń kọ nínú sosiọ́lọ́jì, lórí èésú láàrin àwọn tó ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà, Ìbàdàn. Obìnrin 23 ni mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Yorùbá la fi sọ gbogbo rẹ̀, mo gbà á sórí fóònù, tòun ti ariwo ẹ̀rọ ìlọta àti àwọn alábàárù tó ń pariwo "ẹ yàgò lọ́nà". Kí iṣẹ́ lè yá, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Mo gbé orí kẹrin fún alábòójútó mi. Ọjọ́ Ẹtì ló dá a padà. Ó ti fi bírò pupa yí "trust" po níbi gbogbo tó ti jáde, ó sì kà á: 41. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, ṣé ẹnu kan ni gbogbo obìnrin wọ̀nyí fi sọ̀rọ̀ ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n padà sọ́jà lọ wá èèyàn sí i ni? Oṣù méjì ló kù kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, owó ọkọ̀ gan-an ti di wàhálà.

Adé Kọ̀ǹpútà
Wá NVivo, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn ṣa ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀, kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀, yóò bá ọ ṣà á. Ọjọ́ méjì ló gbà mí.

Ìyá Ìbejì
Adé, bí "trust" ló kó sínú ẹ̀, "trust" náà ni NVivo máa ṣà jáde fún un.

Àbúrò, má lọ sọ́jà kankan. Mú ibi mẹ́ta tó o ti kọ "trust", tún ohùn wọn gbọ́, kó o kọ ọ́ síbí bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gẹ́lẹ́.

Ọmọ Elélùbọ́
Ẹ ṣé mà. Ẹ wò ó:
Elélùbọ́ kan: "Ojú là ń wò ká tó dá a, a kì í wo ọwọ́."
Ẹlẹ́wà kan: "Èmi àtiẹ̀, ìsọ̀ wa kan ara. Bí n ò bá sí níbẹ̀, òun ní ń bá mi tajà."
Ẹlòmíràn: "Kó sá lọ kẹ̀? Ṣebí mo mọ ilé bàbá ẹ̀ n'Ísẹ́yìn."

Ìyá Ìbejì
Hà! Ìwọ náà tún un kà. Ìtìjú lẹni àkọ́kọ́ ń sọ. Ẹnì kejì ń sọ ohun tí wọ́n ti jọ ṣe fúnra wọn. Ẹnì kẹta ò tiẹ̀ fọkàn tán ẹnikẹ́ni! Onídùúró ló ní, ìdílé sì ni onídùúró ọ̀hún. Ìwọ lo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan.

Ó ṣe èmi náà rí. Lórí àwọn ìyàwó tó ń gbé pẹ̀lú ìyá ọkọ ni tèmi, "respect" sì kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ìgbà tí mo padà gbọ́ ohùn, ẹ̀rù làwọn kan ń sọ. Ọ̀kan ní "mo kàn ń wò ó níran ni". Wákàtí kan ohùn gbà mí tó wákàtí mẹ́fà kí n tó dà á kọ tán ní Yorùbá. Etí fẹ́rẹ̀ẹ́ di. Bó o ṣe máa ṣe é nìyí: Yorùbá lápá òsì, kóòdù (orúkọ kúkúrú tó o fún ohun tẹ́ni náà ń sọ) láàárín, Gẹ̀ẹ́sì lápá ọ̀tún, kó o sì kọ Gẹ̀ẹ́sì kẹ́yìn. Orúkọ tí wọ́n pè é ni kí kóòdù máa jẹ́: "ojú", "ìsọ̀ kan ara", "ilé bàbá".

Ní ti tíọ́rì, lọ ka ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akinsola Akiwowo sọ ní Ifẹ̀ ní 1980 lórí àjọbí (ìbátan ẹ̀jẹ̀) àti àjọgbé (gbígbé pọ̀). Ilé bàbá rèé, ìsọ̀ rèé. Bascom, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, náà ti kọ̀wé lórí èésú láti 1952. Má ṣe bí ẹni pé ìwọ lo kọ́kọ́ débẹ̀.

Ọmọ Alájọ
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Alájọ ni màmá mi. Ti àjọ rọrùn: alájọ ń yí kiri gbowó, ó ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù fún iṣẹ́ rẹ̀, ó tán. Ti èésú le. Bí ẹni mẹ́wàá bá ń dá ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ́sẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ kó àádọ́ta ẹgbẹ̀rún ti jẹ àwọn mẹ́sàn-án yòókù ní gbèsè. Ǹjẹ́ o bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń fi síwájú?

Ọmọ Elélùbọ́
Mo bi wọ́n, n ò kàn kà á sí ni. Mo ti tún ohùn mẹ́sàn-án gbọ́ láti àná. Nínú mẹ́sàn-án yẹn, ẹni tí wọ́n mọ ilé bàbá rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà, ìkẹyìn ni, bó ti wù kó lówó tó.

"Trust" ti ku mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi, ní apá Gẹ̀ẹ́sì, kí ni n ó wá pe "ojú"?

Ìyá Ìbejì
"Ojú".