Ilé Celtics, ilé Lakers: ọ̀rọ̀ wo ni ká fi dá wọn lẹ́jọ́?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, nínú gbogbo "franchise" bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà (ìyẹn àjọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà láti ọdún dé ọdún, bí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ tilẹ̀ ń pààrọ̀), báwo la ṣe máa bèèrè ní Yorùbá èyí tó jẹ́ "greatest of all time". (Ẹ jẹ́ ká fi "alápẹ̀rẹ̀" sílẹ̀ bó ṣe wà. Apẹ̀rẹ̀ èso gidi ni James Naismith gbé kọ́ ní Springfield ní 1891 nígbà tó dá eré náà sílẹ̀.) Ìmọ̀ràn méjì ti wọlé. Èkíní ní ká pe franchise ní "ẹgbẹ́ oníwèé-àṣẹ". Èkejì ní ká pè é ní "ẹgbẹ́" lásán, ká wá sọ pé "ẹgbẹ́ tó tóbi jù láé". Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan, torí ọ̀rọ̀ tí a bá yàn níbí ló máa pinnu ẹni tó máa borí nínú àríyànjiyàn náà fúnra rẹ̀.

"Oníwèé-àṣẹ" bá ilé oúnjẹ mu: ẹnì kan ló ni orúkọ, ẹlòmíràn ń sanwó kó tó lè kọ ọ́ sójú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ti NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ 30 tó wà níbẹ̀ ni wọ́n jọ ni líìgì. Lakers ti Los Angeles kò yá orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ẹgbẹ́" ló fa wàhálà gan-an. Lójú Yorùbá, ẹgbẹ́ ẹni ni àwọn tí a jọ wà lásìkò kan náà. Chicago Bulls ti sáà 1995 sí 1996, Michael Jordan, Scottie Pippen, Dennis Rodman, tí Phil Jackson ń tọ́ wọn sọ́nà, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Nínú ìdíje 82 wọ́n borí ní 72, wọ́n pàdánù 10 péré, wọ́n sì gba ife lé e. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ la ń bèèrè, àwọn ni mo máa tọ́ka sí láìwẹ̀yìn. Golden State Warriors borí ní 73 ní sáà tó parí ní 2016, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní àṣekágbá, wọ́n ti fi mẹ́ta sí ọ̀kan ṣáájú Cleveland Cavaliers kí ife tó bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wá wo Bulls láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òní. 1966 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ife 6 ló ní, gbogbo rẹ̀ ló sì wọlé láàárín 1991 sí 1998, lásìkò ọkùnrin kan. Láti ìgbà tí Jordan ti kúrò, wọn ò tíì dé àṣekágbá mọ́. Bí a bá ń pe méjèèjì ní ẹgbẹ́, ẹnì kan á máa sọ̀rọ̀ sáà kan, ẹnì kejì á máa sọ̀rọ̀ ọgọ́ta ọdún, wọn ò sì ní mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń jà lé lórí kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ilé ni èmi fara mọ́. Ilé, bí a ṣe ń sọ pé ilé Oníkòyí. Baba kú, ọmọ dípò, wọ́n gbéyàwó wọlé, wọ́n bímọ, ilé ṣì ni ilé. Ilé Yorùbá sì máa ń ṣí. Ìkòyí Ilé tú nígbà ogun, àwọn ọmọ Oníkòyí sì fọ́n káàkiri, síbẹ̀ ìlú yòówù kí ẹ ti bá wọn lónìí, ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí lẹ máa kì wọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Lakers gan-an nìyẹn. Minneapolis ni orírun wọn, ní ìpínlẹ̀ Minnesota tí wọ́n ń pè ní ilẹ̀ ẹgbàárùn-ún adágún. Adágún yẹn ló wà nínú orúkọ Lakers. Ní 1960 wọ́n ṣí lọ sí Los Angeles, ìlú etí òkun tí ẹnikẹ́ni kò fi adágún mọ̀, orúkọ sì bá wọn lọ. Oríkì orílẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin ará! Àwọn kan ní ife 5 tí wọ́n gbà ní Minneapolis láàárín 1949 sí 1954 kò yẹ kó wà nínú 17 tí Lakers ń kà. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ la pè é, ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé, ta ló máa sọ pé akin tí baba ńlá ṣe ní Ìkòyí Ilé kì í ṣe ti ọmọ rẹ̀ tó wà ní ìlú mìíràn lónìí? Warriors náà ṣí láti Philadelphia lọ sí San Francisco ní 1962. Bí ẹ bá sì máa túmọ̀ orúkọ wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ṣọ́ ni kẹ́ ẹ lò, ẹ fi jagunjagun sílẹ̀, torí ẹ̀ṣọ́ ní oyè lórí.

Wọ́n lè ní "ilé" máa dàrú mọ́ "nílé", ìyẹn pápá tí ẹgbẹ́ kan ti ń gbàlejò. "Ilé Lakers gbàlejò ilé Celtics": ta ni kò yé nínú wa?

Ó ku "tó tóbi jù láé". Iwájú ni "láé" ń wò, ó sì fẹ́ràn àìṣe: mi ò ní ṣe é láé. Ohun tó ti kọjá, "rí" ló ni ín: irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. "Tóbi" ńkọ́? Ọlọ́run tóbi, kò sẹ́ni tó ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n sọ pé ẹgbẹ́ kan tóbi, wọ́n á bi ọ́ pé èèyàn mélòó ló wà níbẹ̀.

Níbi "jù" ni ẹwà èdè wa ti hàn sí mi jù lọ. Gẹ̀ẹ́sì lè ní "greatest" kó dákẹ́. Tiwa kì í gbà bẹ́ẹ̀. Sọ pé ó jù wọ́n, ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni: kí ló fi jù wọ́n? Ẹ wo orúkọ ọmọ Èkó tó ṣíwájú ilé Rockets ti Houston tí wọ́n fi gba ife ní 1994 àti 1995: Ọlájùwọ́n. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọmọ lórúkọ yẹn ti dárúkọ ohun tó fi jù wọ́n kó tó dé orí "jù" rárá.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn kó mú ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ wá. Ní gbígba ife, Celtics ti Boston ló ju gbogbo wọn lọ, 18, èyí tó gbẹ̀yìn ní 2024. Ní dídé àṣekágbá, Lakers ni: ìgbà 32, Celtics 23. Ní àìyẹsẹ̀, mi ò rí ẹni tó dà bíi San Antonio Spurs, tí kò sí ọdún kan láti 1998 sí 2019 tí wọn ò sí láàárín àwọn 16 tó ń du ife.

Èmi, "lọ́lá jù" ni mo yàn, Celtics ni mo sì yàn án fún. Ilé yìí ló kọ́kọ́ yan agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú nínú ìyanni NBA (ètò ọdọọdún tí wọ́n fi ń pín àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun), Chuck Cooper, ní 1950. Láàárín 1957 sí 1969, Bill Russell gba ife 11 pẹ̀lú wọn, mẹ́jọ nínú rẹ̀ léra. Nígbà tí Red Auerbach máa fi ipò olùkọ́ sílẹ̀ ní 1966, Russell ló fà á lé lọ́wọ́, ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó kọ́ ẹgbẹ́ NBA, ó sì gba ife méjì tó kẹ́yìn bó ṣe ń gbá a tó tún ń kọ́ ọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti 1974, 1976, àti ìgbà Larry Bird. Ọdún 22 gbáko ni wọn ò gba nǹkan kan láàárín 1986 sí 2008, mi ò ní fi pa mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tún dìde. Ohun tí ọmọ bá lọ́wọ́ baba, tó sì fi tirẹ̀ kún un, òun là ń pè ní ọlá nílé wa.

Ibì kan ló kù tí "ilé" kò tíì tó. Seattle SuperSonics gba ife ní 1979. Ní 2008 wọ́n ṣí lọ sí Oklahoma City, wọ́n fi orúkọ àti àwọ̀ aṣọ sílẹ̀ fún Seattle, wọ́n di Thunder. Thunder gba ife ní 2025: ṣé àkọ́kọ́ ni, àbí ìkejì? Ilé tó ṣí, tí kò gbé oríkì rẹ̀ dání, a kò tíì dá orúkọ fún un níbí. Bí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ bá wà ní ìlú yín, tó dé tó sì gba oríkì tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn àgbà ibẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè é, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.