Ẹni tó jáde lẹ́wọ̀n nínú eré Afrikaans: ṣé ó lè lọ síbi tó wù ú?

Akọ̀wé-eré:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Eré kan ni mò ń kọ ní Afrikaans, lórí ará Cape Flats (àwọn àdúgbò kan ní Cape Town, South Africa) tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé, bíi ti Farakhan nínú fíìmù Four Corners (2013). Ọdún 20 ni wọ́n dá fún un, ó lo 10. Lọ́jọ́ kejì ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Johannesburg, ó sì ríṣẹ́. Ṣé ó bá òfin mu?

Abẹ́òfin:
Rárá o. Lábẹ́ òfin ẹ̀wọ̀n South Africa ti 1998, ẹni tó lo ìdajì lè jáde, àyàfi tí adájọ́ bá ti ní kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n pàrólù ni, ìyẹn ìtúsílẹ̀ tó ní àwọn àṣẹ tó gbọ́dọ̀ pa mọ́. Ìdajì yòókù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n á kọ ilé tí yóò máa sùn sínú ìwé rẹ̀ àti wákàtí tí kò gbọ́dọ̀ jáde. Kò ní kúrò lágbègbè láìgbàṣẹ, wọ́n sì lè ní kó má fẹnu kan ọtí. Òṣìṣẹ́ lè kanlẹ̀kùn nígbàkigbà wá wò ó. Bọ́ọ̀sì Johannesburg yẹn, ẹ̀wọ̀n ló ń gbé e padà sí.

Kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, ẹnì kan sábà máa ń ní láti gbà pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ẹ lo ìyẹn. Àbúrò tó gbà á sílé tipátipá dùn ún wò ju bọ́ọ̀sì lọ.

Ní ti iṣẹ́, ìtẹ̀ka rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Lẹ́yìn ọdún 10 wọ́n lè pa àkọsílẹ̀ ẹni tó san owó ìtanràn tí kò ju R20,000 rẹ́, tàbí ẹni tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n fún ṣùgbọ́n tí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ẹni tó wọ ẹ̀wọ̀n gan-an kò sí níbẹ̀. Àforíjì ààrẹ nìkan ló kù.

Tjappie:
Fínfín ara ńkọ́? Kí agbanisíṣẹ́ tó béèrè ìwé, 26 tàbí 28 (àmì ẹgbẹ́ nọ́ńbà, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn inú ẹ̀wọ̀n) tí wọ́n fín sọ́rùn rẹ̀ ti fèsì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: ẹgbẹ́ àdúgbò kọ́ ni ẹgbẹ́ nọ́ńbà. Inú ẹ̀wọ̀n bíi Pollsmoor ní Cape Town ni wọ́n ti ń gba nọ́ńbà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn 1990 ló tó dà pọ̀ mọ́ ti ìgboro gan-an. Tí eré yín bá jẹ́ ti 1975, ẹ má ṣe jẹ́ kó gba nọ́ńbà ní kọ̀rọ̀ títì.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà: "djy" (ìwọ) ni ará Cape Flats ń sọ, kì í ṣe "jy" ilé ìwé. Sabela, èdè àwọn nọ́ńbà, Zulu, Xhosa àti Afrikaans ló lú pọ̀. Ẹ fi sí ibi tí wọ́n ti ń dán ara wọn wò nìkan.

Akọ̀wé-eré:
Ẹ ṣeun gan-an. Tó bá lo gbogbo ọdún 20 pé ńkọ́?

Abẹ́òfin:
Ó lè wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn kò sí mọ́, àbúrò yẹn náà ò sì ní nǹkan kan láti bẹ̀rù.