Ìdánwò wo ló yẹ kí a ṣe fún àpò ohun èlò ìwòsàn kí tírélà tó gbé e?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Ọ̀tà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àlùmọ́gàjí kékeré, ẹ̀mú onírin àti bándéèjì ni à ń dì pọ̀ sínú àpò kọ̀ọ̀kan fún ìtọ́jú ọgbẹ́, tí a ó sì fi gáàsì pa gbogbo kòkòrò àrùn inú rẹ̀. Ìhà kan àpò náà jẹ́ Tyvek, ohun bíi bébà tí a fi fọ́nrán ike ṣe, tí gáàsì lè gbà wọlé. Ìhà kejì jẹ́ ọ̀rá tó mọ́ gaara. Láìpẹ́, tírélà yóò máa kó wọn lọ sí Kánò àti Màídúgùrì. Ìmọ̀ràn tí a gbà ni pé kí a ju páálí kan sílẹ̀ láti orí tábìlì, bí kò bá ti bẹ́, kí a máa kẹ́rù lọ. Ọkàn mi kò gba èyí, nítorí ojú ọgbẹ́ èèyàn ni irin yìí ń lọ. Ìdánwò wo ló yẹ kí a ṣe gan-an? Ṣé kí a kọ́kọ́ fi ooru mú àpò náà gbó kí a tó dán ti ìrìn àjò wò?

Ìdáhùn kìíní

Ẹ kú làákàyè. Ohun tí a ń wá kì í ṣe bóyá páálí bẹ́, bí kò ṣe bóyá àpò inú rẹ̀ ṣì lè dá kòkòrò dúró títí nọ́ọ̀sì yóò fi ṣí i. Ẹ̀rí yìí ni ISO 11607, ìlànà àgbáyé fún àpò ohun èlò ìwòsàn tí a ti pa kòkòrò inú rẹ̀, ń béèrè. Páálí lè dé Màídúgùrì láìní àbàwọ́n kankan, kí imú ẹ̀mú sì ti lu ọ̀rá, nítorí pé bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ̀n fún ọ̀pọ̀ wákàtí ni irin ń ha ọ̀rá lójú kan náà, pàápàá níbi tí àpò ti ká.

Ìdí nìyí tí ASTM D4169, ìlànà fún dídán páálí ẹrù wò fún ìrìn àjò, kò fi dúró lórí jíjù sílẹ̀ nìkan. Páálí kan náà ni yóò jẹ gbogbo ìyà ojú ọ̀nà ní tẹ̀léǹtẹ̀lé: wọn yóò jù ú sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ní etí àti ní igun, wọn yóò gbé ìwúwo lé e bí ẹrù tí wọ́n tò lé e lórí, wọn yóò gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n ọ́n, wọn yóò sì tún jù ú sílẹ̀. ISTA 3A, ìlànà mìíràn fún irú ìdánwò yìí, jọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹyọ páálí tí kò wúwo ju kìlógíráàmù 70 lọ ló wà fún.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá yẹ àpò wò. Nínú ASTM F1929, aró ni a ń dà sínú àpò láti wo ojú ìlẹ̀pọ̀, ìyẹn ibi tí a ti lẹ ìhà méjèèjì àpò pọ̀, ó sì lè fi ọ̀nà tóóró tí kò ju mìlímítà 0.05 lọ hàn. Ẹ tètè wò ó, nítorí bí ó bá pẹ́, aró yóò gba ara Tyvek fúnra rẹ̀ kọjá, ẹ ó sì rò pé àpò ń jò. Ní ti ihò ara ọ̀rá, ASTM F2096 ni: ẹ tẹ àpò rì sínú omi, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú, ibi tí omi bá ti ń hó ni ihò wà. Èyí kò rí ihò tó kéré púpọ̀ ju mìlímítà 0.25 lọ. Ìdánwò ASTM F88, tó ń wọn agbára ìlẹ̀pọ̀, wúlò, àmọ́ kò lè sọ bóyá ihò wà.

Ìdáhùn kejì

Ní ti ooru, ẹ má ṣe ìdánwò méjèèjì lórí àpò kan náà. Bí ojú ìlẹ̀pọ̀ bá ṣí, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ọjọ́ ló jẹ ẹ́ tàbí ojú ọ̀nà. Ẹ lo àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ méjèèjì pa pọ̀. Nínú ìṣirò ASTM F1980, ìlànà fún fífi ooru mú àpò gbó kíákíá, a sábà máa ń gbà pé bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i, àpò yóò máa gbó ní ìlọ́po méjì. Bí ilé ìkẹ́rù bá wà ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 25, nǹkan bí ọjọ́ 46 nínú ooru 55 dúró fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí 25 ní Màídúgùrì? Bí ẹ bá fi 35 ṣe é, ó di nǹkan bí ọjọ́ 91. Ẹ fi àwọn àpò kan sílẹ̀ kí wọ́n gbó fúnra wọn pẹ̀lú, nítorí ìṣirò ni ti ooru.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé a lè lo irin tí a ti kọ̀ sílẹ̀, àti àpò tí kò tíì kọjá nínú gáàsì, kí owó má baà pọ̀ jù?

Ìdáhùn kìíní

Irin tí ẹ kọ̀ kò burú, bí ìwúwo àti imú rẹ̀ bá jọ ti gidi. Àpò ni kí ẹ má dín kù: ó gbọ́dọ̀ ti kọjá nínú gáàsì, nítorí ọ̀rinrin àti ooru inú ẹ̀rọ náà lè yí ojú ìlẹ̀pọ̀ padà. Ẹ kọ nọ́ńbà sára àpò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tò wọ́n. Bí ihò bá wà lára àwọn ti ìsàlẹ̀ nìkan, ẹ dín iye inú páálí kù. Bó bá jẹ́ ibi imú ẹ̀mú ni gbogbo rẹ̀ wà, ẹ fi ìdérí rọ́bà bo imú náà, kí ẹ sì tún ìdánwò náà ṣe látòkè.